Ọjọ́ Kejìlélógún: Ìwòsàn, Ìrìn-àjò àti Ìwé Àṣẹ

Àpò kan wà ní ilé wa ní Kétu tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àpò rọ́bà aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kó ìwé kí òjò má bàa pa á. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti ìwé dókítà, ìwé iye owó oògùn, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, èyí tí gbogbo wa ń pè ní asíráǹsì. Fún ọdún kan ó lé díẹ̀, àpò yìí ni ó ń ṣáájú jáde nílé wa ní agogo mẹ́rin ìdájí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin a tẹ̀lé àpò, àwa àbúrò a sì tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wa.

Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ó ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó líle kan ní ọmú òsì. Kókó náà kò dùn ún, nítorí náà oṣù méjì kọjá kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, àrùn jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Kútọnu, dókítà sì ṣàlàyé ohun tí ó kù: ìgbà mẹ́fà ni wọn yóò fa oògùn sí i ní iṣan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni yóò sì máa wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, lẹ́yìn náà ni ìtọ́jú onítànṣán yóò tẹ̀ lé e. A dúpẹ́, a padà sí Kétu. A rò pé àìsàn nìkan ni a ó bá jà. A kò mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀, ìwé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ọdún náà kọ́ wa ni a fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí a mọ̀ pé ilé tí irú àpò bẹ́ẹ̀ wà kò mọ sí tiwa. Ara aláìsàn ní bí ó ṣe ń ka ọjọ́. Ọ̀nà ní bí ó ṣe ń ka tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ asíráǹsì náà ní bí ó ṣe ń ka tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. A kò rí ẹnì kan, yálà ní ilé ìwòsàn tàbí ní ọ́fíìsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú wọn bára mu. Ẹbí ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Bí ẹbí kò bá tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ara aláìsàn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ ka òní mọ́ ọn

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fa oògùn sí i lára, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé « J1 = J22 ». Àwa tí a ka ìwé Faransé wo ó títí. Báwo ni ọjọ́ kìíní ṣe lè jẹ́ ọjọ́ kejìlélógún? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a wà. Ẹnì kan nínú wa ka ọjọ́ 22 síwájú lórí kàlẹ́ńdà, ó sì bọ́ sí Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà dá fún wa. Ìjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Ìyá wa, tí kò wọ ilé-ìwé rí, ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, « Ẹ ka òní mọ́ ọn. »

Ọjà ni ìyá wa ń ná láti kékeré, ọjà sì ni ó fi kọ́ ìṣirò. Ọjà tí a bá ná lónìí, a ó tún ná an ní ọrún. Akọ̀wé á ní ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni ti àwọn baba wa, nítorí pé òní wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ èésú tí ń pàdé ní ìtàdógún ṣe ń ka ọjọ́ ìpàdé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn Faransé, nígbà tí wọ́n bá pe ọ̀sẹ̀ kan ní « huit jours », tí wọ́n sì pe ọ̀sẹ̀ méjì ní « quinze jours ». Dókítà ń ka ọjọ́ bí ìyá wa ṣe ń kà á. Ọjọ́ oògùn ni ọjọ́ kìíní; ọjọ́ kejìlélógún rẹ̀ sì ni oògùn mìíràn, òun náà a sì tún di ọjọ́ kìíní. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti di olùka-ọjọ́ fún gbogbo ilé.

Ìdí wà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi wà láàárín. Oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ a máa pa nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun pẹ̀lú, àwọn tí ó dà bí ọmọ-ogun tí ń ṣọ́ ara. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá, wọn a kéré jọjọ. Lẹ́yìn náà ni wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ padà. Bí a bá tètè fa oògùn mìíràn jù, ara kò ní lè gbà á. Bí a bá sì pẹ́ jù, jẹjẹrẹ yóò rí àyè mí. Ọjọ́ kejìlélógún kì í ṣe ọjọ́ tí a kàn fi ojú wò dá.

Asíráǹsì ní tirẹ̀ kì í ka òní mọ́ ọn. « Jours ouvrables » ni ó ń kà, ìyẹn ọjọ́ tí ọ́fíìsì bá ṣí. Kì í ka Àbámẹ́ta, kì í ka Àìkú, kì í ka ọjọ́ ìsinmi oṣù kìíní tí Benin fi ń bọlá fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, kì í sì í ka ọjọ́ òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà bí a ṣe ń ṣe é lórí ẹní ní ilé wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oògùn: ọjọ́ 1. Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 2, a ó gbé ìwé ìbéèrè fún oògùn tí ó kàn lọ sí ọ́fíìsì kí a tó kúrò ní Kútọnu. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n fi ń dáhùn. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ìdáhùn yóò jáde ní ọjọ́ 16. Ní ọjọ́ 21, a ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oògùn. Àyè ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó wà láàárín ìdáhùn àti oògùn, òpin ọ̀sẹ̀ sì ti gba méjì nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi irú àyè tóóró bẹ́ẹ̀ rìn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ.

Òǹtẹ̀ kan

A fi ẹsẹ̀ kọ nígbà oògùn kẹta. Ní ọjọ́ 16, wọ́n pè wá láti ọ́fíìsì asíráǹsì pé wọ́n ti dá ìwé wa padà. Dókítà buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ẹ̀ka ìtọ́jú náà kò sí lórí rẹ̀. A béèrè pé ṣé wọn kò lè pè wá ní ọjọ́ kejì tí a mú un wá, nígbà tí a ṣì wà ní ìtòsí. Wọ́n ní ìwé kì í kúrò lórí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ẹnì kan nínú wa gun tásì lọ sí Kútọnu ní òru ọjọ́ náà, ó gba òǹtẹ̀ ní òwúrọ̀, ó sì tún ìwé náà fi sílẹ̀ ní ọjọ́ 17. Ìyá wa ka ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá mìíràn lórí ìka rẹ̀: ọjọ́ 31. Oògùn yóò fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́.

A lè san owó oògùn náà fúnra wa, ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ohunkóhun tí a bá san kí àṣẹ tó jáde, wọn kò ní dá a padà. Owó kan ṣoṣo tí ó wà nílé ni èésú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìyá wa. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ni a ti ní lọ́kàn láti fi ṣe kí òjò tó dé.

A pe dókítà. Kò fi ẹ̀rù bà wá, kò sì tàn wá jẹ. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í pa ènìyàn. Òun alára a máa sún oògùn síwájú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò bá tí ì pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kò dára kí ìwé máa pinnu ohun tí ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kí ó pinnu, nítorí ẹni tí ìwé bá dá dúró lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ó tún dá a dúró. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní 2020, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní BMJ tẹ àgbéyẹ̀wò kan jáde tí ó kó ìwádìí 34 pọ̀, tí ó sì kan aláìsàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó fi hàn pé bí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ́, ewu ikú a máa fi nǹkan bí ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Pípẹ́ ìtọ́jú olóògùn àti ti onítànṣán náà ní ewu tirẹ̀. Oṣù kan kì í dédé sọnù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún, báyìí ni oṣù ṣe ń pé.

Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi owó òrùlé ra oògùn fún òun. Ó ní òun yóò dúró de àṣẹ. Ìyá wa jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, « Ọmọ mi, bí òrùlé bá ń jò, a ó sún ẹní. » Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 22, oògùn kẹta wọ ara ẹ̀gbọ́n wa. Asíráǹsì kò dá owó náà padà. Ní àkókò òjò ọdún náà, a sún ẹní lóòótọ́.

Nígbà oògùn karùn-ún, ọjọ́ ìsinmi kan bọ́ sí àárín ìṣirò wa, ìdáhùn kò sì tí ì dé ní ọjọ́ 18. A ti ń ronú ẹni tí a ó lọ yá lówó nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan bi wá léèrè, « Ṣé dókítà ti bá médecin-conseil wọn sọ̀rọ̀? » A kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó ṣàlàyé fún wa pé dókítà máa ń wà ní ilé-iṣẹ́ asíráǹsì fúnra rẹ̀, òun ni ó ń wo ìwé ìtọ́jú ńlá kí àṣẹ tó jáde, dókítà aláìsàn sì lè bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà bí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú. Dókítà wa kọ ìlà mẹ́fà péré: àìsàn tí ó jẹ́, ìtọ́jú kelòó nínú mélòó, ọjọ́ tí oògùn gbọ́dọ̀ wọlé, àti ewu tí ó wà nínú ìdádúró. Ó sì pè é lórí fóònù. Ní ọjọ́ kejì, àṣẹ jáde.

Inú wa dùn, inú wa sì bàjẹ́. Ìlà mẹ́fà kan náà ìbá ti gba òrùlé wa là nígbà oògùn kẹta. Nígbà náà ni a tún gbọ́ pé òfin wọn gba kí dókítà kọ ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo fún ìtọ́jú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi èyí pamọ́ fún wa. A kò béèrè ni, kò sì sí ẹni tí ó rántí sọ. Ọ̀kan péré ni ó kù nígbà tí a mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà àti ara

Láti Kétu dé Kútọnu, a ó gba Pọ́bẹ̀, a ó gba Sakété, a ó kọjá ní Àjàṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le a máa sọ pé kò jìnnà. Ẹni tí wọ́n fa oògùn sí lára ní àná mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn ará Ṣábẹ tilẹ̀ tún jìnnà ju tiwa lọ dáadáa. A pàdé ìyá kan láti ibẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí ó ń sùn sórí àga gbọ̀ngàn ìdúró ní alẹ́ tí ó ṣáájú oògùn, nítorí pé kò ní ará ní Kútọnu.

Àwa ní ìbátan ní Àjàṣẹ́. Ilé rẹ̀ ni a fi ṣe ibùsọ̀. Ọjọ́ Ajé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oògùn, Ọjọ́rú, ìwé, ọ̀sán Ọjọ́rú, ọ̀nà Kétu. Lẹ́yìn ìrìn-àjò méjì, a béèrè bóyá a lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ní tòsí ilé ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a sì fi èsì ránṣẹ́ lórí fóònù. Dókítà gbà. Nígbà oògùn kẹrin, èsì náà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ funfun kò tí ì pọ̀ tó. Wọ́n sún oògùn síwájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n wa sì gbọ́ ọ lórí ẹní rẹ̀ ní Kétu, kì í ṣe lẹ́yìn ìrìn-àjò asán.

A kọ́ láti san owó àyè méjì nínú tásì kí ẹnikẹ́ni má bàa fún un mọ́ ilẹ̀kùn. A kọ́ láti bẹ awakọ̀ kí ó dúró ní Pọ́bẹ̀ àti ní Sakété, kí aláìsàn lè na ẹsẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ àti ìtọ́jú rẹ̀ a máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú iṣan ẹni tí ó bá jókòó pẹ́. A kọ́ láti yẹra fún ìrìn-àjò, ọjà àti òde ìnáwó láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá tí ọmọ-ogun ara kò pọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ra ohun tí a fi ń wọn ooru ara. Bí ó bá tó 38°C, kò sí àgbo, kò sí « ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ »: ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù ni, ní òru yẹn gan-an, pẹ̀lú àpò búlúù lọ́wọ́, kí dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí lè mọ oògùn tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ìwé inú àpò ni ó sọ̀rọ̀ dípò wa.

Ní òdìkejì ẹnubodè

Lẹ́yìn oògùn kẹfà ni ó kan ìtọ́jú onítànṣán. Nígbà tí Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì dá ètò Rays of Hope sílẹ̀ ní 2022, ó lé ní 20 orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà tí kò ní ẹ̀rọ ìtọ́jú yìí, Benin sì wà lára àwọn tí ètò náà kọ́kọ́ dójú kọ. Ní àkókò tiwa, òdìkejì ẹnubodè ni a ní láti lọ. A yan Èkó, nítorí pé àwọn ará wa wà níbẹ̀.

Òfin ECOWAS ti 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà, nítorí náà ẹsẹ̀ lè kọjá. Ṣùgbọ́n asíráǹsì kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Àṣẹ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu di ìwé lásán ní Ìgólò. Kí wọ́n tó fún wa ní òmíràn, a ní láti mú ìwé dókítà tí ó jẹ́rìí pé ìtọ́jú náà kò sí nílé, ìwé iye owó láti ilé ìwòsàn Èkó, àti ìtumọ̀ ìwé náà sí èdè Faransé láti ọwọ́ ògbufọ̀ tí ilé ẹjọ́ mọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 30 ni wọ́n fi ń dáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko nìyẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A ti fi ìwé náà sílẹ̀ kí oògùn kẹfà tó wọ ara rẹ̀. Nígbà tí àṣẹ jáde, apá kan owó náà ni wọ́n gbà láti san, nítorí pé « plafond » wọn kò kọjá ibẹ̀. Àwa àbúrò pín ìyókù láàárín ara wa.

Ìgbà 15 ni wọn yóò tan ìtànṣán sí i, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí a kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n wa ti ń ronú bí yóò ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wo orúkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, « Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé dáadáa lẹ dé? » Omi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n wa. Ohùn Kétu àti ohùn Èkó kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn yé dé ibi tí ó dùn ún àti bí ó ṣe ń dùn ún. Faransé ni ìwé tí a mú lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí a mú bọ̀. Láàárín méjèèjì, Yorùbá ni aláìsàn àti olùtọ́jú fi bára sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ́fíìsì kan ní ìhà méjèèjì tí yóò gba ìwé tí a bá fi èdè náà kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rọ náà dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ìtànṣán méjì tí ó kù bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹrin, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ni agbára ìwé àṣẹ wa dópin. Nígbà tí a gbọ́, ọkàn wa padà sí ọjọ́ òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwa tí a wà ní Kétu tó ríbi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa ti gba fóònù ìbátan wa, ó ti pe Kútọnu, ó sì ti béèrè médecin-conseil. Ó fi ohùn tí ó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni ó dákẹ́, òun kọ́ ni òun pẹ́, àti pé ilé ìwòsàn ń fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Wọ́n fi ọjọ́ méje kún un. Ó ní nígbà tí òun gbé fóònù sílẹ̀ ni ọwọ́ òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ohun tí ẹbí lè ṣe

A kò kọ èyí láti sọ pé asíráǹsì kò wúlò. Láìsí i, oògùn tí ó wọ ara ẹ̀gbọ́n wa ìbá jẹ́ ẹyọ kan, bóyá méjì. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ jókòó ní gbọ̀ngàn ìdúró kò ní i rárá, ìyá Ṣábẹ yẹn wà lára wọn. Ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ ìdánwò adójútòfò ìlera ètò ARCH ní 2019 fún àwọn tí ó tálákà jù. Ní Tógò, adójútòfò ìlera gbogbogbòò tí wọ́n ń pè ní AMU bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ìrètí wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n níní káàdì lọ́wọ́ yàtọ̀ sí kí a rí ìtọ́jú gbà ní àkókò. Ẹni tí ó bá ní káàdì ní láti béèrè, kí àìsàn tó dé bí ó bá ṣeé ṣe, irú ìtọ́jú tí ó wà nínú rẹ̀, ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí owó rẹ̀ mọ.

Bí ó bá jẹ́ pé a tún ní láti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ni a ó fi ṣe olùtọ́jú àpò láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wa pọ̀. A ó bi dókítà léèrè ọjọ́ gbogbo ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè kan. Kí a tó kúrò ní iwájú rẹ̀, a ó wo ìbuwọ́lù, a ó wo òǹtẹ̀, a ó wo déètì. A ó ya àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, a ó sì gba ìwé pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa. A ó béèrè orúkọ médecin-conseil ní ọjọ́ tí ara yá, kí a má bàa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa rìn jìnnà kí a tó béèrè.

Ẹ̀gbọ́n wa ti padà sí kíláàsì rẹ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ó ń lọ fún àyẹ̀wò báyìí, dókítà sì sọ pé bí ara bá ń bá a lọ báyìí, yóò di oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. A kò tíì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti di ṣíṣe. Ẹ̀gbọ́n wa ni ó fi owó oṣù rẹ̀ ṣe é, kò sì bi ẹnikẹ́ni kí ó tó pe káfíńtà.

Àpò búlúù ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá pé, ìyá wa ni ó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò wo kàlẹ́ńdà rí kí ó tó gbé e. Ó ti kà á tẹ́lẹ̀, ó sì ti ka òní mọ́ ọn.